Ọta Tó Fọ́ àti Ọta Tó Wọlé

Láti àárọ̀ ni inú onídìrí kan ti ń dùn ṣìnkìn. Ó ń dirun fún oníbàárà, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Bó ti ṣíwọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó di ìbọn sẹ́yìn ọkọ̀, ó lọ gbé bàbá ọkọ rẹ̀, alápatà tó ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n lè lọ dán ọta wọn wò.

Ìjà wọn kò ju ìjà ọta ìbọn lọ. Nígbà tí wọ́n jọ ṣọdẹ kẹ́yìn, Bàbá yìnbọn fún àgbọ̀nrín kan léjìká, ọta fọ́ sára egungun, ẹran bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n wá a títí tó fi rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó bá a níbi tó ti ń jẹ̀rora. Ó dun onídìrí náà dé akínyẹmí ara.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ fi ọta yẹn sílẹ̀," ló wí nínú ọkọ̀.

"Kí ló ṣe é? Èyí tó ń sáré jù ni mo rà. Ohun tó bá sáré gbọdọ̀ wọlé!"

"Èèpo bàbà ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, òjé inú rẹ̀ sì rọ̀. Bó bá fi irú eré yẹn kan egungun, á fọ́ ni. Tèmi nípọn léèpo, èèpo náà sì lẹ̀ mọ́ òjé típẹ́típẹ́."

"Ìyàwó mi, ṣé o ti fẹ́ máa dirun fún ọta ni?"

Wọ́n dé kòtò kan tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀. Onídìrí to àwọn páálí tó kún fún ìwé ìròyìn tí wọ́n rẹ sómi, kó lè dà bí ara ẹran, tẹ̀lé ara wọn síwájú ògiri òkúta. Bàbá yìnbọn nítòsí. Gbàù! Páálí àkọ́kọ́ bẹ́, ìwé fò káàkiri. Nínú ìkejì, èérún ọta ni wọ́n bá. Onídìrí yin tirẹ̀. Inú ìkarùn-ún ló wà. Imú rẹ̀ ti là bí olú, ìdí rẹ̀ wà digbí. Ó fò sókè, ó ń jó láìsí ìlù.

"Kò tíì tán!" ni Bàbá wí. Ó rìn sẹ́yìn jìnnàjìnnà, ó tún yìnbọn. Irú ọta kan náà tó fọ́ yẹn wọ inú páálí kẹrin láìfọ́! Àwọn méjèèjì lanu sílẹ̀.

"Eré rẹ̀ ti dínkù kó tó débẹ̀," ni onídìrí pariwo, "ni kò ṣe fọ́!"

"Tèmi náà dáa nìyẹn, bí mo bá ti dúró lókèèrè."

"Òkèèrè wo, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ kí kùkùté igi ní ẹ káàárọ̀ lánàá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá nu omi ojú, ó na àtẹ́lẹwọ́. "Ó dáa, fún mi ní tìrẹ."

Lọ́jọ́ kejì, nínú igbó, àgbọ̀nrín kan yọ síwájú wọn, òkè amọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá yìnbọn. Ọta wọ èjìká kan, ó yọ ní ìkejì. Ẹran náà fò lẹ́ẹ̀kan, ó ṣubú, kò mira mọ́.

Bàbá kúnlẹ̀ tì í, ó fọwọ́ wo ojú ọgbẹ́. "Kò jìyà," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn náà ló fa fóònù yọ, ó pe ọmọ rẹ̀, ọkọ onídìrí. "Gbọ́ o, mo ti pa á! Ìbọn kan ṣoṣo!"

"Ọta tèmi ni!" ni onídìrí ké létí fóònù.

"Má dá a lóhùn, ariwo lásán ló ń pa!"

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí wọ́n lè gbé ẹran náà; bí wọ́n bá ti gbé e sókè, ọ̀kan nínú wọn á tún bú sẹ́rìn-ín.