Ààlè Lẹ́nu Ọgbà Wúràọlá

Eyín ló kọ́kọ́ fò. Ó fò kúrò lẹ́nu Mùkáílà oníbúlọ́ọ̀kù, ó ta bí àgbàdo inú ìkòkò gbígbóná, ó sì balẹ̀ sórí ìwé Màdáàmù Rebecca Bámiṣẹ́, ẹni tó wá láti Ìbàdàn láti dán Wúràọlá wò.

Ìdánwò kí ni? Ìdánwò ọgbà. Wúràọlá, tí gbogbo Èrúwà mọ̀ sí Ìyá Mùíz, ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ọgbà, àwọn tí yóò máa kọ́ ará àdúgbò bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ àti tòmátì sẹ́yìnkùlé, láìgba kọ́bọ̀. Ó ku ohun kan ṣoṣo: kí ó kọ́ wọn níṣojú Màdáàmù, kí àwọn náà sì fi ọwọ́ ara wọn já ẹ̀fọ́, kí wọ́n lọ́ ọmọ tòmátì gbìn. Bí ó bá gba sátífíkéètì, ilẹ̀ ọgbà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Lanlate di ti àwọn obìnrin àdúgbò. Bí kò bá gbà á, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba: Mùkáílà ni yóò kó yanrìn àti sìmẹ́ńtì débẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èrò pé bí eṣú. Wúràọlá pàtẹ́wọ́.

"Ó yá, ẹ wọlé, ẹ já ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀!"

Kò sẹ́ni tó mira. Gbogbo wọn káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí ọlọ́pàá mú.

"Kí ló dé?" Màdáàmù béèrè.

Ìyá kan fi ètè júwe igi ẹnu ọ̀nà ọgbà. "Mà, ẹ wòkè."

Ààlè! Ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa, ẹsẹ̀ sílípáàsì kan, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n ń mì dirodiro. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí wọ́n pààlè sí, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn. Ìwọ tó ń kàwé yìí, ṣé wàá já ẹ̀fọ́ ọ̀hún?

"Ìyá Mùíz," ni Màdáàmù wí, "bí akẹ́kọ̀ọ́ ò bá fọwọ́ kan ọgbà, kò sí ìdánwò o."

Ojú Wúràọlá pọ́n. Ó rí Mùkáílà lẹ́yìn èrò, ó gbé ṣọ́bìrì kọ́ èjìká, ó ń fojú wọn ilẹ̀.

"Bàbá Àmírà, ẹ̀yin lẹ so ó!"

"Èmi kẹ̀? Mo bá a níbẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe bá a ni. Àmọ́ ó wù mí o. Ìyá Mùíz, ẹ lọ máa ro ọbẹ̀ yín nílé. Ilẹ̀ ti ń pe búlọ́ọ̀kù."

Gbàù! Garawa omi ni Wúràọlá fi gbá a lẹ́nu, ó sì kún. Ẹ rántí eyín.

Mùkáílà fọwọ́ nu ẹnu, ó rí ẹ̀jẹ̀, ó bú ramúramù. Ó fi igi ṣọ́bìrì gbá Wúràọlá níbàdí, obìnrin náà ṣubú, ètè rẹ̀ là mọ́ òkúta. Tàófíìk ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í lé adìẹ, forí kan Mùkáílà níkùn. Mùkáílà fi ìgbọ̀nwọ́ fọ́ ọ nímú. Gbogbo wa gbọ́ ìró rẹ̀. Kí Mùkáílà tó yíjú, Wúràọlá ti ki etí rẹ̀ bẹnu, ó ń fà á tu bí ẹni tó ń jẹ pọ̀nmọ́. Ọkùnrin méjì tó fẹ́ là wọ́n rántí ìjà ọdún tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Màdáàmù kó sáàárín: "Lórúkọ Jésù, ẹ dúró!" Ẹ̀ṣẹ́ kan tí kò lórúkọ gbé e, ó forí sọ òkìtì ìgbẹ́ adìẹ. Ẹsẹ̀ nìkan la rí.

A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Mùkáílà gbé àdá nílẹ̀.

Ẹ̀rín gbẹ. Tàófíìk dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ̀jẹ̀ dí i lójú. Mùkáílà tẹ̀ ẹ́ láyà, ó na àdá sókè. "Mo máa là á! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, mo máa là á!" Kò ṣeré.

"Èmi ni mo so ó!"

Àpèkẹ́ ni, ìyá tó bí Tàófíìk. Láti àárọ̀ ló ti fi ẹsẹ̀ kan lásán tẹlẹ̀, a rò pé ọjọ́ ogbó ni.

"Láti Jímọ̀ ni mo ti so ó. Ẹnì kan ń jí tòmátì ìyàwó mi ká. Mi ò rántí pé ó máa dá ará ìdánwò náà dúró."

Àdá ò sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n Mùkáílà yíjú sí i.

"Láti... Jímọ̀?" ni Mùkáílà wí. "Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọlé ńkọ́, Ìyá? Tí kò rí i?"

"Ààlè kì í béèrè ẹnu ọ̀nà."

Àdá jábọ́. Mùkáílà di ikùn mú. "Yéè! Mo ti fi se ọbẹ̀! Àmírà jẹ níbẹ̀!" Ó dọ̀bálẹ̀ lórí Tàófíìk tí kò tíì dìde. "Ìyá, ẹ bá mi tú u!"

"Ohun tí o ká, gbìn ín padà. Ìyàwó mi á kọ́ ẹ. Gbogbo yín, mo yọ̀ǹda, ẹ wọlé."

Báyìí ni Mùkáílà ṣe kúnlẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán láti etí rẹ̀ sínú ihò tòmátì. Wúràọlá dúró lé e lórí, ètè rẹ̀ wú bí àkàrà.

"Ẹ má fún un lọ́rùn! Ewé ni kí ẹ dì mú. Ẹ da ilẹ̀ bò ó. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́! Ṣé búlọ́ọ̀kù lẹ ń mọ ni?"

"Ẹ má bínú, tíṣà."

Èrò tẹ̀lé e, wọ́n ń já, wọ́n ń gbìn. Màdáàmù ti yọrí jáde, ó ń wò wọ́n, ìyẹ́ adìẹ kún irun rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ ọ́n kọ́," ó wí. Wúràọlá rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ẹ ò yege. Olùkọ́ tó bá na akẹ́kọ̀ọ́, òfin ò fún un ní sátífíkéètì." Ó gbé eyín sókè. "Ta ló ni èyí?"

Orí Wúràọlá tẹ̀. Ilẹ̀ ti lọ.

Àpèkẹ́, tó ti ń tú okùn ààlè, rọra yọwọ́. "Ọwọ́ ń ro mí," ó wí. Ó sì wo Mùkáílà.

Mùkáílà fò dìde. "Tèmi ni, mà! Ó ti ń mì tipẹ́! Ta ló nà mí? Tíṣà mi àtàtà yìí?"

"Etí yín ńkọ́?"

"Èmi ni mo gé e jẹ, mà."

"Etí ara yín?"

"Ebi ló ń pa mí."

Màdáàmù wo Tàófíìk. Tàófíìk di imú mú: "À ń ṣeré ni, mà."

Màdáàmù mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ sí sátífíkéètì náà. "Kí ni kí n wá kọ nípa ìgbẹ́ adìẹ tó wà lórí mi?"

"Ẹ kọ ọ́ pé ó ti jẹrà dáadáa, mà," ni Wúràọlá wí. "Ìgbẹ́ tútù ì bá ti bó yín lójú."

Àpèkẹ́ tú ààlè. Ó ju ṣùkù fún ewúrẹ́, ó fi àkísà nu imú ọmọ rẹ̀, ó jẹ́ kí sílípáàsì jábọ́ sílẹ̀, ó kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó bá ìkejì rẹ̀ mu rẹ́gí.

Mùkáílà wo ẹsẹ̀ méjèèjì. "Ìyá... ṣé ẹ tilẹ̀ pe nǹkan kan sí i?"

"Mo pè é. Mo ní kí òjò má pa á."

Ó sì gba ọ̀nà ilé lọ, pàṣà, pàṣà.