Orúkọ Ẹṣin Èbúté

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wá orúkọ ẹṣin kan, kò sì tì mí lójú nígbà náà. Òun ló ń fa ọmọlanke àlìkámà lórí afárá èbúté Port Carrow, ìlú wa, láyé àwọn bàbá wa. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn ilé ìkówèésí ní Adelaide, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa ní Australia, títí ọwọ́ fi ń ro mí, kí n tó rí i: Dolly.

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ onítàn ìlú ṣí àfihàn àwòrán, mo dúró ti àwòrán Dolly bí ọkọ ìyàwó. Aládùúgbò mi, màmá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Anti, gbé kéèkì wá fún wa. Ó ka ohun tí mo kọ sí abẹ́ àwòrán náà: "Dolly, pẹ̀lú obìnrin kan tí a kò mọ̀."

"Ìyá mi nìyẹn," ló wí. "Òun ló ń tọ́jú ẹṣin yẹn."

"Anti, ẹ má bínú. Gbogbo Adelaide ni mo bi léèrè."

"Ṣé Adelaide ló ń yá ọ ní àkàbà lọ́dọọdún? Títì lásán ló wà láàárín wa, Lindsay."

Mo yára yọ bírò. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ wọn?"

Ó gba bírò náà lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Jẹ́ ká ti orí tèmi bẹ̀rẹ̀. Kí lorúkọ mi?"

Ọdún mọ́kàndínlógún la ti jọ ń kí ara wa láàárọ̀. Mo lanu. Orúkọ ẹṣin nìkan ló wà níbẹ̀.