Ẹ̀yìn Sábídíù

"Wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ sí i! Ṣé etí ẹ di ni?"

"Màmá, ẹni tó ń du ipò kọ́ńsúlù kì í wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Aṣọ funfun nìkan ni, kí ará Róòmù lè rí ojú ọgbẹ́ ogun láyà wa. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, jàre."

"Àyà ẹ kọ́ ni mò ń wí. Ẹ̀yìn ẹ ńkọ́?"

Sábídíù ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ilé bí ajá tó gbóòórùn ẹran. Fufídíà, ìyá ẹ̀, ló fi ẹfun pa aṣọ náà tó fi ń tàn. Alágbàfọ̀ ni, inú agbada ìtọ̀, tó jẹ́ ọṣẹ wọn ní Róòmù, ló ti ń fẹsẹ̀ tẹ aṣọ àwọn ọlọ́lá. Ọmọ ẹ̀ fi idà jà títí ó fi di ọ̀gá ológun, ìyẹn ò ṣeé jà níyàn. Ṣùgbọ́n irọ́ ló fi gba ìyókù: ó ní ọmọ ìdílé ńlá ni ìyá òun, ó ti kú. Irọ́ yẹn ni sẹ́nétọ̀ kan gbọ́ tó fi ṣèlérí láti fún un lọ́mọ ẹ̀ obìnrin fẹ́, tó sì kó àwọn ọlọ́lá sẹ́yìn ẹ̀.

Ní gbàgede, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ṣí aṣọ láyà. Ojú ọgbẹ́ idà, ojú ọgbẹ́ ọ̀kọ̀. Èrò hó yèè.

Kalfídíù tí wọ́n jọ ń du ipò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá ológun, ẹ kọ̀yìn sí wa ká rí i, àbí ẹ̀yìn ń tijú?"

Kó tó dáhùn, Kalfídíù ti fa aṣọ náà bọ́ léjìká ẹ̀. Ojú pàṣán ló kún ẹ̀yìn fọ́fọ́.

"Ẹrú ni! Ẹrú fẹ́ jẹ kọ́ńsúlù!"

Òkò bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Fufídíà fi ìgbọ̀nwọ́ la èrò kọjá.

"Ẹrú bàbá ta ni? Ọmọ Róòmù ni mí, bàbá ẹ̀ náà ọmọ Róòmù! Èmi ìyá ẹ̀ ni mo nà án. Ó sá nídìí aṣọ fífọ̀, mo sì lù ú bí bàrà!"

Gbogbo gbàgede bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ọwọ́ yín le o!"

"Ẹ bá wa na Kalfídíù kún un!"

Ọkùnrin kan ju òkò ọwọ́ ẹ̀ nù. "Sábídíù, ṣé ìyá ẹ nìyí? Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ká dìbò, ká máa lọ sílé."

Ojú Sábídíù sáré lọ bá sẹ́nétọ̀ tó dúró sáàárín àwọn ọlọ́lá, ó sáré padà bá ìyá ẹ̀, ó tún sá lọ.

"Àwọn ọ̀tá ló nà mí nígbà tí wọ́n mú mi lójú ogun. N ò mọ ìyá yìí rí."

Fufídíà gun àtẹ̀gùn lọ bá a. Ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó fọ́ ọ létí gbòà.