Apá Òsì Ọkọ̀ Tíṣà

Ó ti rẹ̀ mí kí Tíṣà Hatanaka tó dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Oṣù kẹfà ni, òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, gbogbo irin inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ń làágùn. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Orúnkún mi ò fẹ́ kí n kúnlẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, iṣẹ́ ìkúnlẹ̀ ni látòkè délẹ̀.

Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ náà kí n tó rí i. Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ aró ni, ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà lọ́wọ́ Tíṣà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì pariwo ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni Tíṣà máa ń fọ̀ ọ́ látorí dé abẹ́, nítorí atẹ́gùn òkun ìlú wa a máa jẹ irin.

"Kuniko! Ṣé o ṣì wà láyé?"

"Mo wà ńbẹ̀, Tíṣà. Ẹ kú òjò o."

"Ọdún méjì tún ti pé. Ìjọba tún fẹ́ ka eyín bàbá arúgbó."

"Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni bàbá arúgbó?"

"Wò ó, má bá mi ṣàwàdà. Apá ń ro mí."

Ọdún méjì méjì ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yege àyẹ̀wò níbí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò gbọ́dọ̀ yọjú sí títì. Tèmi ni kí n wo ohun tó yẹ kí n tún ṣe kí n tó gbé e lọ. Tíṣà ló kọ́ mi ní ìṣirò ní kíláàsì kẹrin. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin báyìí. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni ìyàwó rẹ̀, Màmá Mitsue, ti wà nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn òkè, torí pé iyè rẹ̀ ti ń ra. Ogójì ìṣẹ́jú ni béèyàn bá wakọ̀. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni bọ́ọ̀sì ń gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni Tíṣà ń lọ bá a jẹun ọ̀sán. Tí Màmá kò bá rí i, kì í fi nǹkan kan kan ẹnu.

"Ṣe gbogbo ẹ̀," Tíṣà wí, ó ń bọ́ bàtà òjò rẹ̀. "Ohunkóhun tó bá ń ṣe ségesège, pààrọ̀ ẹ̀. Mi ò ní kó di tuntun. Kó ṣáà gbé mi dé ọ̀dọ̀ Mitsue fún ọdún méjì sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá wù ú kó wó lulẹ̀."

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ mu tíì. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Mo gbé ọkọ̀ náà sókè, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé. Ọkọ̀ tí wọ́n tọ́jú báyìí, wàhálà ni fún ẹni tí yóò tún un ṣe, nítorí kò sí èyí tó bàjẹ́ tán, kò sì sí èyí tó ṣì le dáadáa. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti ń sun ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni? Yóò lo ọdún méjì lọ́nà ilé ìtọ́jú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo fagi lé e. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Mo pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, mo fi í sílẹ̀. Rọ́bà tó ń gbé omi lọ sínú ẹ́ńjìnnì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ìyẹn ò ṣeé fojú fò, torí orí òkè ni yóò bẹ́ sí. Bíréékì ṣì dára.

Mo wá yí sí apá òsì. Àpá kan gùn láti fẹ́ńdà iwájú dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ara táyà sì ti ya.

Kò yà mí lẹ́nu. Ìkeje rèé. Oṣù kan lẹ́yìn tí Màmá Mitsue lọ sílé ìtọ́jú ni mo rí àkọ́kọ́, ibi tí òpó géètì ilé wọn ti ha á, nígbà tí Tíṣà wá pààrọ̀ ọ́ìlì. Mo fi páálíìṣì nù ún, mo fi ọ̀dà díẹ̀ tọ́ ọ, mi ò sọ nǹkan kan. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn nílùú wa. A máa ń fi ẹ̀bùn kékeré kún iṣẹ́ oníbàárà, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ ti dójú ti oníbàárà nìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú tíṣà mi kí n sọ pé ó ń fi ọkọ̀ gbá nǹkan? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe nu mẹ́fà, apá òsì sì ni gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ti òpó géètì. Ọ̀dà funfun ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ibì kan ṣoṣo ni irin funfun tí wọ́n fi dáàbò bo etí títì wà lọ́nà tí Tíṣà ń gbà, orí òkè ni, níbi tí ọ̀gbun wà ní òdìkejì irin náà.

"Ọdún mọ́kàndínlógún!" Tíṣà ń sọ láti ìdí tíì rẹ̀. "Kò sí ojú àpá kan lára ẹ̀. Mo sọ fún Mitsue lánàá. Mo ní, gbogbo àwọn tó ń sọ pé kí arúgbó dá ìwé ìwakọ̀ padà, kí wọ́n wá wo ọkọ̀ mi."

Akísà àti páálíìṣì ti wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé wọn sílẹ̀. Inú bí mi sí ara mi. Èmi ni mo fún un ní ẹ̀rí tó fi ń yangàn. Mo gbé ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Ó wá. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi lé fẹ́ńdà náà. Ìka rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Kí nìyí?"

"Irin orí òkè ni."

"Mi ò gbá irin kankan."

"Ẹ gbá a, Tíṣà. Ẹ ò rí i ni. Ìkeje rèé."

"Mẹ́fà yòókù ńkọ́?"

"Mo ti nù wọ́n."

Ó tẹrí ba fún mi. "O ṣeun," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì le koko. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. "Nígbà tí o bá ṣi ìṣirò ní kíláàsì mi, ǹjẹ́ mo bá ọ pa á rẹ́ rí?"

"Rárá, sà."

"Kí ni mo máa ń ṣe?"

"Ẹ máa ń fi bíírò pupa sàmì sí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ojú tì mí bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó gba ìwé tí mo kọ, ó gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún, ó kà á tán.

"Rọ́bà omi àti táyà kan. Gbogbo ohun tó ń ṣe é kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ọkọ̀ le."

"Ara ọkọ̀ le," ó tún un wí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì mi, ó tì í sún mọ́ mi. "Ta ló máa bá Mitsue jẹun?"

"Mo lè gbé yín lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Bọ́ọ̀sì á ṣe méjì."

"Ó ku mẹ́ta."

"Ó ku mẹ́ta, Tíṣà. Mi ò tíì mọ bá a ṣe máa ṣe é."

Mi ò sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà, aago sì ti ń lọ sí mọ́kànlá. Mo rí rọ́bà àti táyà tó bá a mu nínú ẹrù mi, mo yára pààrọ̀ wọn. Mo fi àpá náà sílẹ̀ bó ṣe wà, mo jókòó sídìí ọkọ̀ ní apá ọ̀tún, níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí nílùú wa. Tíṣà lọ sí apá òsì, ó sì rọra jókòó.

"Ibí ni Mitsue máa ń wà," ó wí. "Tá a bá ti fẹ́ bọ́ sí títì, á ní, 'Òsì mọ́ o,' pé nǹkan kan ò bọ̀ láti ibẹ̀. Ó máa ń sú mi nígbà yẹn."

A dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀bù mi. Ó na ọrùn, ó wo apá òsì dáadáa.

"Òsì mọ́ o," ó wí.

Mo tún yọjú wò ó fúnra mi, mo sì tẹ bíréékì. Obìnrin kan tó wọ aṣọ òjò ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti apá òsì, àlùbọ́sà eléwé kún apẹ̀rẹ̀ iwájú rẹ̀. Ó kọjá níwájú wa, kò ju apá kan lọ sí wa, ó tẹrí ba láti dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Tíṣà ṣì ń wo títì bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò kọjá.

"Kí ló dé tí o dúró, Kuniko?"

Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ fún un.