Àká Tí Kì Í Dín

"Florence, bá mi ka ibi tí orúkọ mi wà lẹ́ẹ̀kan sí i."

Florence, ìyàwó Tíṣà, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. "Bàbá Mọ́ládé, mo kà á láàárọ̀. Orúkọ yín ò tíì yí padà."

Ọdún 1913 ni, ní Ìsẹ́yìn. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àròkọ Tíṣà Mákindé ló sì wà lójú ewé kìn-ín-ní: "Iṣu Okaka Tí Kì Í Jẹrà." Tíṣà kọ ọ́ níbẹ̀ pé òun wo àká iṣu Jẹ́ẹ́dé, àgbẹ̀ kan ní Okaka, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun sì tún lọ wò ó nígbà òjò, tí iṣu ti ń tán nílé oníkálukú. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, àká kún fọ́fọ́. Nítorí náà, ó ní, irú iṣu bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún méjì láìbàjẹ́. Láti ìgbà tí ìwé ti dé, kóòtù ni Tíṣà ń wọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé.

Kò pẹ́ tí Àríyọ̀, àgbẹ̀ kan láti Ilua, wọlé tòun ti òógùn. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Pásítọ̀ ka ìwé yín fún wa. Gbogbo ìjọ ló fẹ́ ta ọkà bàbà wọn lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ká fi ra iṣu Okaka. Nígbà tí iṣu tí kì í jẹrà ti wà, kí la tún ń tọ́jú ọkà de ìyàn fún?"

Ayọ̀ gun Tíṣà lórí. "Ẹ wá fojú ara yín rí i." Nígbà méjèèjì tó ti lọ, ó ránṣẹ́ ṣíwájú bí ọmọlúàbí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rántí. Ó gbé Àríyọ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di Okaka.

Iṣu inú àká Jẹ́ẹ́dé kò tó èyí tí wọ́n lè fi gúnyán fún àlejò méjì. Eku ló pọ̀ níbẹ̀. Bí Tíṣà ti dúró tó ń wò ó, àwọn obìnrin agbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, tàwọn ti iṣu lórí.

"Abọ́sẹ̀dé, ẹ kó o padà," ni Jẹ́ẹ́dé sọ fún ìyàwó rẹ̀ tó ṣíwájú. "Wọ́n ti rí i." Ó yíjú sí Tíṣà. "Ẹ ò ránṣẹ́. Nílé wa, àlejò kì í bá àká lófìfo. Bí a bá ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, oníkálukú a kó tirẹ̀ wá. Bí ẹ bá lọ, wọn a wá kó o."

"Ẹ ò sọ fún mi, Bàbá."

"Ẹ ò bi mí. Ẹ kàn ń kọ̀wé, ẹ ń rẹ́rìn-ín."

Àríyọ̀ wúkọ́. "Èmi ò ní í ta ọkà tèmi mọ́. Àwọn yòókù ńkọ́?"

Nígbà tí Tíṣà délé, ó mú kálàmù. "Àtúnṣe ráńpẹ́ ni. Wọ́n á fi sẹ́yìn ìwé, lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ."

"Iwájú ni àṣìṣe jókòó sí," ni Florence wí. "Kí ni òtítọ́ ń wá lábẹ́ ọṣẹ?"

Tíṣà kọ òmíràn: *Àgbẹ̀ kan ló tàn mí jẹ.*

Florence kà á. "Ẹni tó yá iṣu kí ojú má baà tì í níwájú yín, òun lẹ fẹ́ dójú tì níwájú gbogbo ayé?"

Tíṣà ya á. Ó tún kọ ọ́: *Ẹ bá mi fagi lé àròkọ mi. Èmi ni mo ṣìnà. Àká kan ṣoṣo ni mo wò, wọ́n sì mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ẹ má ta ọkà yín.*

"Kò ha kúrú jù? Ṣé kí n fi díẹ̀ kún un?"

"Orúkọ yín nìkan ló kù."

Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀, ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì: ọ̀kan fún Èkó, ọ̀kan fún àpò ara rẹ̀. Kí Èkó tó tẹ̀ ẹ́, ọjà Ilua á ti ná, á ti tú.

Ó bọ́ kóòtù, ó fi í kọ́ ògiri, ó sì ti kẹ̀kẹ́ jáde, ó forí lé Ilua.