Owó Omi àti Ọ̀dà Àbúrò Mi

Ká ní ẹ rí jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún àbúrò mi níbi iṣẹ́ títì ni, ẹ̀yin náà ì bá jowú. Ó mọ́lẹ̀ débi pé tí ó bá yọ ní ìkóríta, oòrùn á máa wá ibi tó máa sá sí. Àwọn àkùkọ á kọ lọ́sàn-án gangan, wọ́n á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́, èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń nu imú? Aṣọ iṣẹ́ tèmi ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi máa ń gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀yìn jáde, á tún kí mi pé ẹ kú iṣẹ́.

Káńsù kan náà ló gbà wá síṣẹ́ o. Èmi wà ní ẹ̀ka omi, mò ń tún páìpù ṣe lábẹ́ ilẹ̀. Òun wà ní ẹ̀ka títì, ó ń da ọ̀dà sórí ilẹ̀. Gbogbo ilé ló ń san owó omi lóṣooṣù kí omi lè máa yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí káńsù ti ń bù nínú owó omi yẹn, tí wọ́n fi ń tún títì ṣe. Wọ́n bù ú títí ẹ̀ka títì fi ní katakata mẹ́ta, ọkọ̀ ọ̀dà tuntun, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní táyà lẹ́sẹ̀, tó sì ní díńgí nínú. Àwa ẹ̀ka omi ń gé tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bẹ́, òun la fi ń di ojú ibi tó bá ń jò. Páìpù kan wà tí mo ti di rọ́bà mọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ̀ mọ́ bóyá páìpù ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló dùn mí. Ẹnu Màmá ló dùn mí jù.

Orúnkún Màmá ti daṣẹ́ sílẹ̀. Títì iwájú ilé rẹ̀ sì kún fún kòtò. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tí ẹ bá ju òkúta sínú rẹ̀, àfi kí ẹ lọ jẹun kí ẹ tó padà wá gbọ́ ìró rẹ̀. Mọ́tò kankan ò lè dé ẹnu ọ̀nà. Tí ọjọ́ ilé ìwòsàn bá ti pé, èmi àti àbúrò mi á gbé Màmá pẹ̀lú àga, a ó máa gbé e la àwọn kòtò náà kọjá. Màmá ò sì fúyẹ́ o. Nígbà kan, èékánná ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kan páìpù.

Bí àwọn ẹlẹ́ka títì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀dà bọ̀ láti ìkóríta nìyẹn. Lójoojúmọ́, Màmá á jókòó sójú fèrèsé, á máa wo àbúrò mi bí ẹni tó ń wo sinimá.

"Atọ́nàṣe!" á pariwo. "Ọmọ mi tó ń sọ ilẹ̀ di díńgí!"

"Màmá, ẹ kúu jókòó," èmi náà á ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún páìpù kan ṣe lẹ́yìn ilé ìwé. Àádọ́ta ilé ni omi padà dé."

"O ṣeun. Jọ̀ọ́, sún síbẹ̀ yẹn, o dí mi lójú."

Mo dí i lójú! Èmi àkọ́bí! Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó pùtùpùtù. Ká ní wọ́n da ọ̀dà sínú mi lọ́jọ́ yẹn ni, wọn ò ní nílò iná.

Ọ̀dà ku ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà Màmá nígbà tí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì wa. Wọ́n fẹ́ ṣòfin tuntun. Owó omi ò ní lè tún títì ṣe mọ́, àyàfi ibi tí àwa ẹlẹ́ka omi bá fúnra wa là láti ri páìpù. Ẹni tó bá lọ́rọ̀ kó wá sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ káńsù. Kí n tó ka ìwé náà tán, ẹsẹ̀ mi ti ń jó.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo gbé páìpù mi tó kún fún rọ́bà dání nínú àpò. Àbúrò mi jókòó síwájú pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, gbọ̀ngàn mọ́lẹ̀ rekete. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo gbé páìpù náà lé orí tábìlì alága, gbì! Ìpẹtà àti ẹrẹ̀ tú jáde, ó dà sórí ìwé rẹ̀.

"Kí lèyí?" alága béèrè, ó ti fò dìde.

"Omi tí ẹ mu láàárọ̀ yìí ni, ẹ̀yin àgbà," mo ní. "Inú rẹ̀ ló gbà kó tó dé ife yín."

Ẹ ò rí i bí gbogbo wọn ṣe ń wo ife iwájú wọn! Káńsílọ̀ kan rọra ti tiẹ̀ síwájú ẹnìkejì rẹ̀. Mo wá tú rọ́bà náà níkọ̀ọ̀kan, ó gùn láti orí tábìlì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo ní kí owó omi máa jẹ́ ti omi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n dìbò. Òfin wọlé.

Àbúrò mi dúró dè mí níta.

"Bọ̀dá," ó ní, "ọ̀rọ̀ páìpù lẹ sọ yẹn, àbí èmi lẹ bá jà?"

"Ọ̀rọ̀ páìpù ni."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ pé jákẹ́ẹ̀tì mi lẹ ń wò ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi ń sọ̀rọ̀?"

Mo gbé àpò páìpù mi kọ́ èjìká, mo bá ọ̀nà ilé lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó katakata kúrò ní àdúgbò Màmá. Títì dán bọ̀ láti ìkóríta, ó kan dúró lójijì bí ẹni tó rántí pé òun fi iná sílẹ̀ nílé. Ó ku ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ péré. Màmá wà lójú fèrèsé.

"Atọ́nàṣe dà?" ó béèrè.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mi ò lè purọ́ fún Màmá, imú rẹ̀ ń gbọ́ òórùn irọ́ kí n tó rò ó tán. Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Òótọ́ ni pé páìpù yín ti jẹrà?"

"Òótọ́ ni, Màmá."

"Ṣé tìtorí rẹ̀ lo ṣe lọ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà mi.

"Ó dáa," ó ní. "Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ ilé ìwòsàn. Ẹ múra láti gbé àga."

Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá tù mí lára.

Mo sáré lọ bá ọ̀gá wa ní ẹ̀ka omi. Mo ní kó jẹ́ ká wo ìwé tí wọ́n kọ àwọn páìpù tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ sí. A ṣí i. Ta ló wà lókè pátápátá? Páìpù iwájú ilé Màmá! Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà níbẹ̀, wọn ò rówó débẹ̀ rí. Owó ti wà báyìí. Ọ̀gá buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé dígà. Mo la ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ náà já, mo sì la ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì dé ilé kọ̀ọ̀kan, nítorí páìpù kéékèèké tó wọlé náà ti jẹrà. Ilẹ̀ gbóná débi pé òógùn mi nìkan tó láti fi dán páìpù tuntun náà wò. Nígbà tí mo ṣe tán, kò sí ibi tí mi ò là. Gẹ́gẹ́ bí òfin, àwọn ẹlẹ́ka títì gbọ́dọ̀ wá bò ó, owó omi ni yóò sì san án.

Àbúrò mi dé pẹ̀lú ọkọ̀ ọ̀dà. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin náà ni òfin. Ẹ̀yin náà ni ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá."

"Bò ó dáadáa," mo ní, "má sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Lọ́jọ́bọ̀, mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà Màmá gan-an. Ìṣísẹ̀ méjì péré ni Màmá gbé. Ó wo títì dúdú tó ń dán náà, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Atọ́nàṣe ọmọ mi!" ó pariwo. "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ mi!"

Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín nínú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Páìpù mi, tó funfun bí eyín ọmọ tuntun, wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò dé. Àbúrò mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ bò ó.

Ṣùgbọ́n èmi náà ò gọ̀. Ìdérí irin kan wà níwájú ilé náà, lórí ibi tí a ti ń ti omi pa tí a bá fẹ́ tún páìpù ṣe. Rọ́bà la máa ń tẹ́ sábẹ́ irú ìdérí bẹ́ẹ̀ kó má bàa pariwo. Ti ibí yìí, mi ò tẹ́ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Mọ́tò tó gbé Màmá gùn ún kọjá.

Gbàm!

"Kí nìyẹn?" Màmá fò sókè nínú ọkọ̀.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Wọn ò fi rọ́bà sí i ni, Màmá. Mo máa fi sí i ní ìrọ̀lẹ́."

Màmá yíjú sí mi. Mò ń wo òkè bí ẹni tó ń ka ẹyẹ. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án," ó sọ fún àbúrò mi. "Ẹ̀gbọ́n ẹ nìyẹn. Láti kékeré ni ò ti lè dákẹ́."

Láti ọjọ́ náà, tí mọ́tò bá ti kọjá, gbàm, Màmá á dáhùn láti ojú fèrèsé: "Mo gbọ́ ẹ o!" Àbúrò mi ní ó ń dí òun létí. Inú rẹ̀ ò dùn rárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ká a mọ́ ibi tó ti kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìdérí náà, rọ́bà wà lọ́wọ́ rẹ̀.