Ìyókù Àgbo Ọlábọ̀dé

"Bù ú mu," ni Olúṣẹ̀yẹ wí. "Níṣojú gbogbo wa."

Ìkòkò náà wà láàárín pálọ̀, lórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Àbúrò ìyá Olúṣẹ̀yẹ kan ló gbé e wá láti ilé ìdáná, ó sì fi aṣọ di etí rẹ̀ mú bí ẹni pé ejò ló ká sínú rẹ̀. Omi tó kù níbẹ̀ ti dúdú. Ewé ejìnrìn ti rọ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, egbò ẹ̀gbẹ̀sì kan sì yọrí láàárín rẹ̀. Òórùn kíkorò rẹ̀ gba gbogbo yàrá.

Túnráyọ̀ jókòó sórí ẹní nínú aṣọ dúdú. Àná ni wọ́n sin Ọlábọ̀dé, ọkọ rẹ̀. Ìgbàkúùgbà tí ó bá gbójú sókè, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ọkọ rẹ̀ ló ń rí, lẹ́yìn náà ìkòkò, lẹ́yìn náà bàtà dídán Olúṣẹ̀yẹ.

Ẹ̀gbọ́n Ọlábọ̀dé ni Olúṣẹ̀yẹ, àwọn méjì péré sì ni ìyá wọn bí tí wọ́n dàgbà. Akọ̀wé àgbà ni ní iléeṣẹ́ ìjọba, ó ń gbé ní Onírèké, ó sì ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kì í pariwo. Bí ẹni ń dábàá nínú ìpàdé ìjọ ló ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Kì í ṣe pé a ń bá ọ jà, Túnráyọ̀. Àbúrò mi ń ṣàìsàn, ó ń lọ sí ọsibítù. Ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í se àgbo fún un ni àìsàn náà yíwọ́. Bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀, mu ìyókù. Bí o bá mu ún tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, èmi fúnra mi ni n ó bẹ̀ ọ́. Ìwádìí lásán ni."

Túnráyọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ náà ì bá mọ̀, ká ní ó máa ń wá wo àbúrò rẹ̀.

Akọ̀wé ni Ọlábọ̀dé ní iléeṣẹ́ àwọn oníṣòwò kan ní Dùgbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn láti Agbowó lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Nígbà tó ń kọ́lé sí Agbowó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé inú igbó ló ń lọ bá àwọn ọ̀yà gbé. Ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, pé níwọ̀n bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá ti wà ní òdìkejì ọ̀nà, iná mànàmáná kò ní pẹ́ kan òun náà lára. Kò tíì kàn án tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè. Oúnjẹ kò wọnú rẹ̀ mọ́. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀, ó mi orí, ó ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́ tipẹ́tipẹ́, ó fún un ní oògùn oníhóró, ó ní kó lọ sinmi.

Ọlábọ̀dé fúnra rẹ̀ ló béèrè àgbo. Ọ̀sán kan ni, ó fẹ̀yìn ti ògiri ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo ejìnrìn tó gun ọgbà.

"Èyí ni Màmá máa ń sè fún wa ní Ṣakí tí ibà bá ti dé," ó ní. "A máa ń sá lọ sẹ́yìn àká. Ó wá ń wù mí mu báyìí. Ṣé ìwọ náà rí nǹkan?"

Túnráyọ̀ ránṣẹ́ sí Ṣakí. Ìyá ọkọ rẹ̀ wọ lọ́rì wá, ó sì mú un káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Ewé kò wọ́n ní Agbowó nígbà náà. Rinrin wà ní ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀, níbi tí omi ti ń rọ́ lọ. Ìmí-eṣú kún etí ọ̀nà. Efinrin hù lẹ́yìn ilé ìdáná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Ìyá àgbàlagbà náà ń fọwọ́ kàn wọ́n, ó ń dárúkọ wọn bí ẹni ń kí ará ilé: èyí ni a ń gún sójú ọgbẹ́, èyí wà fún inú rírun, èyí ni kí o fi wẹ̀ fún un tí ara bá ń yún un. Ó já ejìnrìn lọ́pọ̀lọpọ̀, ó wa egbò ẹ̀gbẹ̀sì nínú igbó ẹ̀yìn ilé, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń tò ó sínú ìkòkò han ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Má jẹ́ kí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Kí ó hó dáadáa. Àti pé bí o bá lóyún, má fẹnu kàn án o. Ejìnrìn kì í jẹ́ kí oyún dúró." Ó mí kanlẹ̀. "Oyún ọ̀hún dà, ká tó máa ṣọ́ ọ?"

Túnráyọ̀ ń to ewé sínú ìkòkò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bi í ní ìbéèrè náà.

Àgbo ni o, oògùn dókítà ni o, ara Ọlábọ̀dé fúyẹ́. Ó jẹun, ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ padà sí Ṣakí. Àsìkò yìí gan-an ni Túnráyọ̀ ṣàkíyèsí pé nǹkan oṣù òun kò wá. Nígbà tó dá a lójú, ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọlábọ̀dé jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kó yọ dáadáa ná, kí òun fúnra òun lọ sọ fún Màmá ní Ṣakí.

Kò lè lọ mọ́. Àìsàn náà padà, ikùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Túnráyọ̀ ń se àgbo, ó ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí èéfín rẹ̀ má baà wọ òun nímú. Ní àwọn ọjọ́ ìkẹyìn, bí Ọlábọ̀dé kò bá lè sọ̀rọ̀, á na ọwọ́, á gbé e lé ìyàwó rẹ̀ níkùn, á sì fi í síbẹ̀ títí oorun á fi gbé e lọ.

Gbogbo èyí ló wà lọ́kàn Túnráyọ̀ bí ó ti ń wo ìkòkò nínú pálọ̀. Ó yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní àgbo yìí."

Gbogbo ojú yí sí ìyá àgbàlagbà náà. Ó jókòó sórí àga ọmọ rẹ̀ tó kú, ó ń ká etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka, ó ń tú u. Ó wo Olúṣẹ̀yẹ, ó wolẹ̀.

"Àgbo tí mo kọ́ ọ kì í pa ènìyàn," ó ní. "Ohun tí o wá fi kún un lẹ́yìn mi ni n kò mọ̀."

"N kò fi nǹkan kan kún un, Màmá."

"Mu ún nígbà náà," ni Olúṣẹ̀yẹ wí.

Túnráyọ̀ fèsì ní ohùn kẹ́lẹ́.

"Kí lo wí?"

"Mo lóyún, Bọ̀ọ̀dá. Ọlábọ̀dé mọ̀. Aboyún kì í mu ejìnrìn. Ẹ bi Màmá."

Obìnrin tó gbé ìkòkò wá bú sẹ́rìn-ín. "Oyún tí a ti ń wá láti ọjọ́ yìí! Òní tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ ló wá dé?"

Olúṣẹ̀yẹ yọ awò ojú rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù nù ún. "Ẹni tí kò lè dìde jókòó," ó ní jẹ́jẹ́, "òun lo ní ó fún ọ lóyún? Ọ̀rọ̀ méjì ni ìyẹn dà o, Túnráyọ̀. Bóyá kí ọlọ́pàá wá bá wa gbọ́ méjèèjì."

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbójú sókè. Kò wo ikùn Túnráyọ̀. Ọrùn rẹ̀ ló ń wò, níbi kòtò ìsàlẹ̀ ọ̀fun, níbi tí iṣan kan ti ń lù kì, kì, kì lábẹ́ awọ ara. Obìnrin tó ti bímọ, tó sì ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ṣakí ni, ó mọ bí ọrùn aboyún ṣe ń lù. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí fèrèsé.

Túnráyọ̀ rí i. Ó dúró kí Màmá sọ̀rọ̀. Màmá tún ká etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka.

Ohun tí Túnráyọ̀ rò lẹ́yìn náà kò gùn. Ó rò pé bí òun kò bá mu ún, òun ti di apànìyàn nìyẹn, ọmọ náà sì ti di ọmọ àlè kí wọ́n tó bí i. Ta ni yóò fún un ní orúkọ bàbá rẹ̀? Ó rò pé bóyá àgbo náà ti ṣá, bóyá Ọlọ́run yóò ṣàánú. Ó na ọwọ́ sí ife. Ó bù ú, ó mu ún. Olúṣẹ̀yẹ fi orí júwe ìkòkò pé ó ku díẹ̀. Ó tún bù ú, títí ó fi kan ewé.

Nǹkan kan kò ṣe é lọ́jọ́ náà. Olúṣẹ̀yẹ ní a dúpẹ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ, ó ní kó wà lọ́wọ́ òun títí gbogbo ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àmúdàtù, aládùúgbò wọn tí ń ta ẹ̀kọ ní Ṣàngó, gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún opó náà. Ó bá a lórí ẹní, ó ká jọ, ó fi eyín di aṣọ, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ẹní náà. Ìdí ìkòkò òfìfo tó wà ní kọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó fi ìka kan ewé inú rẹ̀.

"Yéè! Ẹ̀jẹ̀ oyún nìyí! Ta ló fún aboyún ní ejìnrìn?"

Ìyá Olúṣẹ̀yẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. 

Àmúdàtù sáré jáde. Ọkọ̀ Olúṣẹ̀yẹ wà níwájú ilé. Ó ti mú ọkùnrin kan wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ń fi ilé hàn án, pé yàrá ibí yìí gba atẹ́gùn, pé kànga wà lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá wa gbé e dé ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀."

Olúṣẹ̀yẹ mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé ẹ rí i? Oògùn tó fi pa ẹlòmíràn ló ń jà lára òun náà."

"Oyún ló ń bọ́ lára rẹ̀, sà!"

"Ìyá, mo ní àlejò. Ẹ wá ọkọ̀ mìíràn."

Lọ́rì tí ń kó yanrìn lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló gbé e. Awakọ̀ dúró nígbà tó rí Àmúdàtù láàárín títì, tó ká ọwọ́ lé orí. Wọ́n tẹ́ ìró Àmúdàtù sórí yanrìn, wọ́n sì tẹ́ Túnráyọ̀ sórí rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Ìyá là, ọmọ kò dúró.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wá wò ó ní ọsibítù pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja nínú abọ́ tó fi aṣọ dì. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Túnráyọ̀ kọjú sí ògiri.

"Ẹ rí i, Màmá," ó ní. "Ẹ wo ọrùn mi, ẹ sì rí i."

Ìyá náà ṣí abọ́, ó tún dé e.

"Òun nìkan ló kù fún mi láyé, Túnráyọ̀. Bí mo bá já a nírọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, ọ̀dọ̀ ta ni n ó máa gbé?"

"Ẹ gbé ọbẹ̀ yín lọ, mà."

Nígbà tí Túnráyọ̀ lè rìn, Ìgbẹ́tì, nílé bàbá rẹ̀, ló gbà lọ. Àmúdàtù ló sìn ín débi ọkọ̀. Kò wọ ilé Agbowó mọ́. Àwọn ẹlòmíràn ti ń gbé ibẹ̀. Ní gbogbo àdúgbò, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé májèlé ọwọ́ ìyàwó kan ló yí padà sí i lára. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó mọ̀wé ló fọgbọ́n wádìí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé kí Ọ̀gbẹ́ni Akíndúró, ọ̀gá Ọlábọ̀dé ní Dùgbẹ̀, tó ráyè lọ kí ẹbí náà ní Onírèké. Wọ́n gbé tíì fún un nínú pálọ̀ Olúṣẹ̀yẹ. Màmá jókòó sẹ́bàá ògiri lábẹ́ rédíò alápótí. Ọ̀dọ̀ Olúṣẹ̀yẹ ló ń gbé báyìí.

"Òṣìṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán ni," ni Ọ̀gbẹ́ni Akíndúró wí. "Àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti fẹnu kò. Bí ó bá fi ọmọ sílẹ̀, bí ó ti wù kó kéré tó, a fẹ́ rán an níwèé títí dé ibi tí orí rẹ̀ bá lè gbé e dé. Ṣé ó fi ọmọ sílẹ̀?"

"Kò bímọ, sà," ni Olúṣẹ̀yẹ dáhùn. "Èyí ló dùn wá jù."

"Ó mà ṣe o."

"Ó fi sílẹ̀."

Wọ́n yíjú. Màmá ti dìde dúró.

"Ó fi oyún sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa. A fún un ní ejìnrìn mu nínú pálọ̀ ọkọ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé ó lóyún, n kò sọ̀rọ̀."

Olúṣẹ̀yẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àlejò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Ẹ má bínú, sà. Láti ìgbà tí ọ̀fọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wọ́n ni ọkàn wọn kò ti pa pọ̀ mọ́. Màmá, ẹ lọ sinmi díẹ̀."

"Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà," ni Ọ̀gbẹ́ni Akíndúró wí. Ó mi orí tàánútàánú, ó sì gbé ife tíì rẹ̀.

Màmá kò lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó di etí àga mú, ó ń retí kí ọ̀kan nínú wọn bi òun léèrè ohun tí òun sọ. Àwọn méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tuntun tí ìjọba fẹ́ là gba ẹ̀yìn ìlú, àti ibi tí ilẹ̀ yóò ti níye lórí.